Ohun Tí Ẹnikẹ́ni Kò Bi MaBhele

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù Kejì

Gíláàsì ránṣẹ́ pè mí lónìí. Gíláàsì ni olórí ẹ̀ka wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mabandla. Bí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ le, á bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, á máa nù ún. Nígbà tí mo fi máa wọlé, gíláàsì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ ń bọ̀.

Ó ní àwọn aláṣẹ ilé-ìwé ìṣègùn ti fọwọ́ sí i. Láti ọdún yìí lọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹrin gbọ́dọ̀ kọ́ nípa ìtọ́jú àwọn aláìsàn kan pàtó: ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, àti àwọn tí a bí ní ọkùnrin ṣùgbọ́n tí wọ́n mọ ara wọn sí obìnrin, tàbí tí a bí ní obìnrin tí wọ́n mọ ara wọn sí ọkùnrin. Ọjọ́bọ̀ mẹ́jọ. Ẹni tó yẹ kó kọ́ wọn ti gba iṣẹ́ lọ sí Durban. Ọwọ́ gbogbo àwọn yòókù dí — lójijì.

“Noluvo, ìwọ lo kéré jù nínú wa. Ìwọ lo ṣì lókun.”

Mo ní, “Ọ̀gá, mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀.”

“Ìyẹn náà dáa. Wàá wádìí.”

Mo béèrè bóyá ìbéèrè máa jáde lórí ẹ̀ nínú ìdánwò. Ó tún gíláàsì nù. Rárá o. Kò tíì sí àyè.

Ìyẹn ni pé kò sẹ́ni tó máa wá. Mo mọ àwọn ọmọ wa — ohun tí kò bá ti sí nínú ìdánwò, kò sí láyé.

Síbẹ̀, láti ìgbà tí mo ti délé, ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń ṣe dókítà ní Mthatha níbí. Kò ṣeé ṣe kí wọ́n má sí lára àwọn tó ti jókòó síwájú mi. Àwọn wo ni? Kí ni wọ́n gbé pa mọ́ sínú tí wọ́n fi dìde lọ?

Mo fẹ́ mọ̀. Ó ya èmi náà lẹ́nu bí mo ṣe fẹ́ mọ̀ tó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 oṣù Kejì

Kíkà, kíkà, kíkà. Ojú ń ta mí.

Màmá mi pè láti Libode. Mo ṣàlàyé iṣẹ́ tuntun fún wọn. Wọ́n gbọ́ ọ tán. Lẹ́yìn náà: “Kí lẹ wá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ yẹn gan-an? Ṣé ibà tiwọn yàtọ̀ ni? Àbí ẹ̀dọ̀ tiwọn wà lápá òsì?”

Mo rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ ni mo rí i pé ìbéèrè gidi ni. Ibà tiwọn kò yàtọ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni gbogbo nǹkan tó máa ń ṣẹlẹ̀ kí ibà náà tó dé iwájú dókítà. Ta ló fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Kí ni wọ́n gbọ́ nígbà tí wọ́n wá kẹ́yìn. Ìdí wo ni wọn ò fi wá mọ́.

Màá fi ìbéèrè Màmá bẹ̀rẹ̀ kíláàsì. Wọn ò gbọdọ̀ mọ̀ — wọ́n á ní kí n sanwó ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 8 oṣù Kejì

Kíláàsì àkọ́kọ́. Wọn ò kún ìlà méjì iwájú. Ẹni kan ń lá súìtì, ẹni kan ń sùn.

Àwọn méjì tí mo fẹ́ rántí:

Ayakha. Ọmọbìnrin ọlọ́gbọ́n, irun rẹ̀ gé mọ́lẹ̀. Gbogbo orúkọ tó yẹ, gbogbo ọ̀rọ̀ tó yẹ, ó mọ̀ wọ́n. Ó tún ọ̀rọ̀ mi ṣe lẹ́ẹ̀mejì níwájú gbogbo wọn, ó sì tọ̀nà ní ìgbà méjèèjì. Mo ti sọ ọ́ ní Atúmọ̀ nínú ìwé yìí, bí ìwé atúmọ̀ èdè. Ó fẹ́ràn ẹ̀kọ́ yìí bí ẹni tó ti ń dúró dè é láti ọjọ́ pípẹ́.

Siphenathi. Ó di bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dé ọ̀fun. Bàbá rẹ̀ ló ni ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Qumbu, òun náà a sì máa wàásù níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Pásítọ̀ ni gbogbo kíláàsì ń pè é, èmi náà á máa pè é bẹ́ẹ̀. Mi ò rò pé ọ̀rọ̀ yìí ló mú un wá. Kì í pa kíláàsì kankan jẹ ni. Òun ló kọ́kọ́ nawọ́.

“Dókítà, ẹ má bínú. Ṣé ẹ fẹ́ kọ́ wa bí a ṣe máa tọ́jú wọn ni, àbí ẹ fẹ́ kọ́ wa pé ká gbà pẹ̀lú wọn?”

Atúmọ̀ pòṣé. Àwọn tó ń sùn jí.

Mo ní, “Bí ẹ ṣe máa tọ́jú wọn. Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ná.”

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Gbogbo nǹkan ni ọmọ yẹn ń kọ sílẹ̀.

Ṣé mo dáhùn dáadáa? Ṣé èèyàn lè ṣe ọ̀kan kó fi èkejì sílẹ̀?

Ọjọ́ Ẹtì, 9 oṣù Kejì

Mo jẹ búrẹ́dì lórí ìdúró. Ìbéèrè Pásítọ̀ ṣì ń yí lórí mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 oṣù Kejì

Mo lọ sí àdúgbò Ngangelizwe, ilé MaBhele.

MaBhele ló rán aṣọ tí mo wọ̀ níjọ́ tí mo gboyè. Yunifọ́ọ̀mù ìdajì àwọn ọmọ ilé-ìwé agbègbè yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ló ti jáde. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ ni, á ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Òun àti MaMiya ni wọ́n jọ ń gbé. MaMiya ló máa ń fi ọkọ̀ rẹ̀ kó àwọn ọmọ lọ sílé-ìwé kí orúnkún tó dá a dúró sílé — orúnkún nìkan o, ẹnu rẹ̀ ṣì ń sáré. “Àwọn ìyá méjì yẹn” ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Kò sẹ́ni tó ń sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mi ò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Mo sọ̀rọ̀ òjò. Mo sọ̀rọ̀ iná tí wọ́n ń mú lọ. Mo sọ̀rọ̀ aṣọ.

MaMiya ní, “Dókítà, aṣọ kọ́ lo bá wá. Láti ìgbà tí o ti dé lo ti ń fọwọ́ ra ife tíì yẹn lára bí ẹni pé ológbò ni.”

Mo wá sọ ọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́, àwọn ọmọ, pé mo fẹ́ kí wọ́n wá bá wọn sọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Ẹ̀rọ ìránṣọ MaBhele dákẹ́. MaMiya bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi hú ikọ́.

“Láti ọjọ́ tí a ti wà nínú ilé yìí, ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó la ẹnu béèrè. Àwọn yòókù kàn máa ń yọjú wo iye bẹ́ẹ̀dì ni.”

Mo béèrè orúkọ tí wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọ máa fi pe irú wọn, nítorí gbogbo orúkọ tí mo mọ̀ lédè wa, èébú ni. MaMiya wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. “Orúkọ wo tún ni? Mo ti lórúkọ. MaMiya ni mò ń jẹ́.”

MaBhele ni kò fẹ́. Ó ní òun ò lè dúró síwájú ọmọ ọlọ́mọ kí òun máa ròyìn ayé òun bí ẹni ń jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á jókòó bí aláìsàn ni, àwọn ọmọ á máa fi wọ́n kọ́ bí a ṣe ń bi aláìsàn léèrè ọ̀rọ̀.

Ó ronú sí i. Ó wo MaMiya.

“Kí wọ́n bi wá bí dókítà ṣe ń bi èèyàn gidi?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mama.”

“Ìyẹn, mo fẹ́ rí i.”

Wọ́n bu umngqusho fún mi, àgbàdo àti ẹ̀wà bí òkè. Mi ò jẹ ẹ́ tán. MaMiya ní dókítà tí kò lè jẹun, báwo ló ṣe máa gbé aláìsàn.

Ọjọ́bọ̀, 15 oṣù Kejì

Wọ́n pọ̀ díẹ̀ sí i. Mo gbọ́ pé Atúmọ̀ bú wọn lórí fóònù.

Ẹ̀kọ́ tòní: ibi tí àìsàn máa ń sá pa mọ́ sí. Obìnrin tí nọ́ọ̀sì sọ fún pé kò nílò àyẹ̀wò ẹnu ilé-ọmọ, nítorí kò sùn ti ọkùnrin — irọ́ pátápátá. Ọkùnrin tí kò lè sọ ibi tó ń dùn ún, nítorí yóò ní láti sọ bó ṣe débẹ̀. Ẹni tí wọ́n kọ “ọkùnrin” síwájú orúkọ rẹ̀, tó sì ní ilé-ọmọ nínú.

Pásítọ̀ nawọ́. “Ẹ dákun, ẹni tó nírùngbọ̀n lè gboyún?”

“Tí ilé-ọmọ bá wà níbẹ̀, ó lè ṣẹlẹ̀.”

Ẹnì kan fi ẹ̀rín bú jáde lẹ́yìn. Pásítọ̀ yí padà, ó wò ó. Ó ń wò ó títí ẹ̀rín yẹn fi kú lẹ́nu onítọ̀hún. Lẹ́yìn náà ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fàlà sí i nídìí.

Ọmọ yìí ń pa mí láyò. Mi ò tíì mọ irú èèyàn tó jẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 22 oṣù Kejì

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, kó tó dàrú mọ́ mi lójú.

Wọ́n wá. MaBhele wọ búláòsì funfun tó fúnra rẹ̀ rán, MaMiya wọ fìlà. A gbé àga sí àárín kíláàsì. MaMiya ti jẹ́ kí gbogbo wọn rẹ́rìn-ín kí n tó sọ̀rọ̀ — ó béèrè èwo nínú wọn ni kò tíì níyàwó, ó ní òun mọ ọmọbìnrin kan tó wá láti Libode. (Èmi ni o.)

Lẹ́yìn ìyẹn, MaBhele jókòó nìkan. Atúmọ̀ ló kọ́kọ́ bi í.

Ká sòótọ́, ó dára. Ó kí i dáadáa, ó béèrè bó ṣe fẹ́ kí òun máa pè é, ó gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó béèrè ohunkóhun. Ó bi í nípa òun àti MaMiya, bí wọ́n ṣe pàdé, báwo ni àdúgbò, báwo ni mọ̀lẹ́bí, kí ni wọ́n ti fojú rí. MaBhele tí kò fẹ́ ròyìn, ó ń ròyìn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó sọ bí MaMiya ṣe wá gba yunifọ́ọ̀mù ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó sì ń padà wá láìní yunifọ́ọ̀mù kankan tó fẹ́ gbà. Gbogbo kíláàsì ti fẹ́ràn rẹ̀. Mo ti ń rò ó nínú mi pé iṣẹ́ mi yọrí.

Ó kan Pásítọ̀. Ó le bí igi. Ojú rẹ̀ wà lórí ìwé, kò gbé e sókè. Ohùn rẹ̀ rí bíi ti ẹni tó ń pe orúkọ nínú rẹ́jísítà.

Ẹ̀yin àti ta ni ẹ jọ ń gbé, Mama? — Èmi àti MaMiya.

Ta ni MaMiya sí yín?

MaBhele ní, “Ẹni mi ni.”

Ó kọ ọ́. Kò sinmi. Ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Ṣúgà? Ṣé ẹ ń sùn dáadáa? Oúnjẹ ń lọ? Ìtọ̀ ńkọ́? Atúmọ̀ ti ń yíjú, ó sú u. Nǹkan oṣù yín, ìgbà wo ló ti dúró? — Ó ti pẹ́, ọmọ mi.

“Láti ìgbà tó ti dúró, ṣé ẹ ti rí ẹ̀jẹ̀ rí?”

MaBhele kò dáhùn.

Ìgbà yẹn ni Pásítọ̀ gbé ojú sókè. Ó gbé bírò sílẹ̀. Kò tún ìbéèrè náà bi, kò sáré, ó kàn dúró dè é. MaBhele ń wo ibi tí MaMiya jókòó sí.

“Ó ń wá,” ó ní. “Láti ìgbà òtútù tó kọjá ló ti ń wá.”

MaMiya dìde. “Kí ló ń wá? MaBhele, kí ló ń wá?”

Kò mọ̀. Bẹ́ẹ̀dì kan náà, ilé kan náà — kò mọ̀.

Mo ní kí gbogbo wọn jáde. Wọ́n jáde wẹ́rẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 23 oṣù Kejì

Mo mú un lọ sí ọsibítù fúnra mi láàárọ̀. MaMiya jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, kò sọ̀rọ̀ lọ títí. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Mo bi MaBhele ìdí tí kò fi lọ rí dókítà. Ó dáhùn bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nípa ẹlòmíràn. Nígbà tó ṣì wà lọ́mọge, ó lọ ṣe àyẹ̀wò ní ilé-ìwòsàn kékeré kan. Nọ́ọ̀sì béèrè ọkọ, ó ní òun ò ní. Nọ́ọ̀sì béèrè ọ̀rẹ́kùnrin, ó ní òun ò ní. Nọ́ọ̀sì mọ ohun tó jẹ́. Ó pe àwọn nọ́ọ̀sì yòókù kí wọ́n wá wò ó — orí ibùsùn, aṣọ ti ká sókè. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kó dìde máa lọ, àyẹ̀wò yẹn kì í ṣe fún irú rẹ̀.

“Mo dìde, mo lọ. Mi ò tún padà.”

Mo mú ẹran ara díẹ̀ láti inú ilé-ọmọ, mo fi ránṣẹ́ síbi àyẹ̀wò.

Kó tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ibùsùn, ó ní, “Dókítà, mo dúpẹ́ pé o ti ilẹ̀kùn.”

Ọjọ́ Àìkú, 25 oṣù Kejì

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀: kí ló dé tí Atúmọ̀, tó fẹ́ràn wọn tó báyìí, kò fi bi í nípa ẹ̀jẹ̀? Kí ló dé tó jẹ́ Pásítọ̀?

Mo bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nírọ̀lẹ́ Ẹtì. Atúmọ̀ sunkún. “Mo rò pé tí mo bá bi í nípa abẹ́ rẹ̀, á rò pé ìyẹn nìkan ni mo rí lára òun. Mi ò fẹ́ ṣẹ̀ ẹ́, Dókítà.” Bẹ́ẹ̀ ló ṣe pọ́n ọn lé kọjá ibi tó ń dùn ún.

Pásítọ̀ ní, “Ìbéèrè tí ẹ kọ́ wa lọ́dún kejì ni mo tẹ̀lé, láti orí dé ẹsẹ̀. Bí mo ṣe ń bi gbogbo èèyàn nìyẹn. Ṣé kí n fo tirẹ̀ ni?”



Mo fẹ́ sọ pé Pásítọ̀ ló jàre. Ṣùgbọ́n mo bi MaBhele lánàá, ó ní, “Ọmọbìnrin yẹn ló jẹ́ kí ara mi tú. Ká ní ọmọkùnrin yẹn ló kọ́kọ́ débẹ̀, màá purọ́ fún un.”

Ó dáa. Ìyẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ náà. Mo ti ya gbogbo ohun tí mo kọ sílẹ̀ fún Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 29 oṣù Kejì

Kíláàsì kún dẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ ti ká ilé-ìwé.

Mo pín wọn ní méjì-méjì: ẹni tó mọ bí a ṣe ń tu èèyàn lára, ẹni tó mọ bí a ṣe ń béèrè. Kí wọ́n kọ́ ara wọn. Mo fi Atúmọ̀ ti Pásítọ̀. Ojú àwọn méjèèjì dà bí ẹni mu jogbo. Wọ́n jà lórí ìbéèrè àkọ́kọ́. Nígbà tí kíláàsì fi máa parí, wọ́n ṣì ń jà, ṣùgbọ́n wọ́n ti súnmọ́ra.

Mo gbọ́ tí Atúmọ̀ ń sọ pé, “Gbé ojú ẹ kúrò nínú ìwé, Pásítọ̀! Èèyàn ni, kì í ṣe ẹsẹ Bíbélì.”

Òun náà: “Ìwọ, béèrè nǹkan kan, ṣé ọ̀rẹ́ lo wá bá wọn ṣe ni?”

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kẹta

Èsì kò tíì jáde. Mo ti pe ibi àyẹ̀wò títí, wọn ò gbé fóònù mi mọ́.

Ọjọ́rú, 6 oṣù Kẹta

Jẹjẹrẹ ni. Inú ilé-ọmọ. Ó jọ pé kò tíì kúrò níbi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Mo lọ sọ fún wọn nílé. MaBhele gbọ́ ọ, ó mi orí, ó béèrè bóyá òun lè parí yunifọ́ọ̀mù tó wà nílẹ̀ kí wọ́n tó gbé òun wọ wọ́ọ̀dù. MaMiya ló bínú. Ó bínú sí èmi, sí ìjọba, sí nọ́ọ̀sì tó ti lè kú tipẹ́, ó wá kọjú sí MaBhele.

“Ìwọ tí o máa ń pariwo tí mo bá jẹ iyọ̀! O jókòó sídìí ẹ̀rọ yẹn, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ẹ, o ń bi mí pé ṣé mo ti lo oògùn orúnkún!”

MaBhele ní, “Mi ò fẹ́ kí o gbé mi lọ síbẹ̀ kí wọ́n tún fi ìwọ náà rẹ́rìn-ín.”

MaMiya jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú orúnkún yẹn. Mo jáde lọ dúró ní gbàgede. Nǹkan wà tí kì í ṣe fún dókítà láti wò.

Ọjọ́ Ajé, 11 oṣù Kẹta

Wọ́n rí àyè fún un, aláìsàn kan tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún kò wá. Ó wọ wọ́ọ̀dù lónìí.

Arákùnrin rẹ̀, Mzimasi, dé láti Tsolo pẹ̀lú kóòtù àti ọ̀pá. Mi ò mọ ẹni tó ránṣẹ́ sí i. Ọdún gbọọrọ ni wọn ò ti rí ara wọn. Nọ́ọ̀sì àgbà béèrè mọ̀lẹ́bí tí dókítà á máa bá sọ̀rọ̀. Mzimasi ní òun ni. Nọ́ọ̀sì tọ́ka sí MaMiya, ó ní ìyẹn ńkọ́? Mzimasi ní, “Ayálégbé ẹ̀ ni. Ẹ ní kó máa lọ sílé.”

Ẹnu MaMiya kò ṣí. MaMiya! Ó ti ń mú báàgì rẹ̀ nílẹ̀.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹnì kan ṣáájú mi. Pásítọ̀ — wọ́ọ̀dù yẹn ni wọ́n pín in sí lóṣù yìí, mo ti gbàgbé. Ó kọjá níwájú Mzimasi, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn kí ojú òun àti ti MaBhele lè ṣe déédéé. Ojú rẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan.

“Mama, tó bá di pé ẹ ò lè sọ̀rọ̀ fúnra yín, ta ni ẹ fẹ́ ká máa bá sọ̀rọ̀?”

“MaMiya.”

“Ta ni MaMiya sí yín?” Ohùn rẹ̀ lọ sókè. Ó fẹ́ kí nọ́ọ̀sì gbọ́ ni.

“Ẹni mi ni. Òun ni ilé mi.”

Mzimasi ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ta ni ẹ́?”

“Akẹ́kọ̀ọ́ lásán ni mí, Bàbá. Ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n aláìsàn ti dáhùn.”

Nọ́ọ̀sì àgbà kọ orúkọ MaMiya. Mzimasi jáde. Kò kí ẹnikẹ́ni. Mo rí i láti ojú fèrèsé, ó dúró lábẹ́ igi pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, kò lọ, kò bọ̀. Mi ò mọ ohun tó ń rò. Inú mi kò dùn sí i, ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù Kẹta

MaBhele jáde láyọ̀ láti yàrá iṣẹ́ abẹ. Wọ́n yọ gbogbo ilé-ọmọ rẹ̀. Mo sùn sórí àga ní ọ́fíìsì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 oṣù Kẹta

Gíláàsì pè mí. Gíláàsì wà lójú rẹ̀. Èyí jẹ́ tuntun.

Ó ní òun gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì. Ó ní òun gbọ́ ti wọ́ọ̀dù náà, lẹ́nu dókítà oníṣẹ́ abẹ. Ó bi mí ní ìbéèrè púpọ̀, tí mo mọ̀ pé ó fẹ́ gbọ́ èsì wọn gan-an: kí ni mo kọ́ wọn, kí ni mi ò kọ́ wọn, kí ni mo máa yí padà. Mo sọ fún un pé mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí bí ẹni ń kọ́ èdè, bẹ́ẹ̀ ìdajì rẹ̀ nìkan ni èdè, ìbéèrè ni ìdajì kejì.

Ó ní, “Ó máa wọ inú ìdánwò ìparí ọdún. Aláìsàn kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan, yàrá kan. Ìwọ lo máa kọ ọ́.”

Mo dìde. Ó tún ní, “Noluvo. Àwọn kan lára àwọn ẹlẹgbẹ́ wa máa bínú.”

“Ẹ̀yin ńkọ́, Ọ̀gá?”

“Èmi? Mo ń ronú nípa iye aláìsàn tí mo ti jẹ́ kí wọ́n dìde máa lọ.”

Ọjọ́rú, 20 oṣù Kẹta

Pásítọ̀ wá sí ọ́fíìsì mi. Kò fẹ́ jókòó.

Ó ní òun máa ń yà lọ́dọ̀ MaBhele tí iṣẹ́ bá parí, ó ń wo ojú ọgbẹ́, ó ń bi í bó ṣe sùn. Lánàá, MaBhele ní, “Ọmọ mi, wọ́n ní o máa ń wàásù.” Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. “Tí èmi àti MaMiya bá wá sí ṣọ́ọ̀ṣì yín lọ́jọ́ Àìkú, ibo lo máa ní ká jókòó sí?”

Ó ní ó dà bí ẹni pé wọ́n ki aṣọ bọ òun lẹ́nu. Ó kí wọn, ó jáde. Kò tíì jẹun láti ìgbà yẹn.

“Dókítà, kí ni kí n sọ?”

Mo ní mi ò mọ̀.

“Ẹ̀yin lolùkọ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò mọ̀ síbẹ̀.”

Ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀. Ó ní bí òun bá ní kí wọ́n wá jókòó níwájú, irọ́ ni, nítorí bàbá òun á lé wọn jáde kí orin tó parí. Bí òun bá ní kí wọ́n má wá, ẹnu òun ò lè sọ ọ́ — òun ti mọ bí ẹsẹ̀ MaBhele ṣe máa ń tutù, òun ti mọ pé kì í mu tíì tí kò gbóná. Ó ní ohun tí Bíbélì sọ, òun gbà á gbọ́ síbẹ̀. Ó ní, “Ẹ ti sọ pé títọ́jú nìkan ni. Ẹ sọ ọ́ ní kíláàsì àkọ́kọ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.”

Mo ní, “Mo sọ pé ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.”

Ó wò mí bí ẹni tí mo rẹ́ jẹ. Bóyá mo rẹ́ ẹ jẹ lóòótọ́. Ó lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 22 oṣù Kẹta

Pásítọ̀ padà wá lónìí. Mo rò pé ó fẹ́ sọ pé òun ò ní wá sí kíláàsì mọ́.

Ó ní òun lọ bá MaBhele. MaMiya wà níbẹ̀, ó ń bó ọsàn fún un. Ó ní òun dúró sẹ́sẹ̀ ibùsùn, òun sì sọ òtítọ́ tó wà nínú òun, kò sí òmíràn: “Mama, ìbéèrè tí ẹ bi mí, mi ò tíì mọ̀.”

MaMiya ti lanu láti fèsì. MaBhele gbá a lọ́wọ́ mú. Ó ní MaBhele wo òun pẹ́ títí, kò rẹ́rìn-ín, kò bínú. Lẹ́yìn náà ó gbé báàgì MaMiya kúrò lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

“Ó dáa. Jókòó síbí ná, títí wàá fi mọ̀.”

Mo bi í bóyá ó jókòó.

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wo aago, ó ní òun ń padà lọ síbẹ̀ báyìí.